Adéníran Tó Ń Fi Imú Mú Jẹjẹrẹ

"Èmi Adéníran, mo ti pa iná jíìnì tó ń fa jẹjẹrẹ lára ẹgbẹ̀rún méje èèyàn kí n tó jẹun àárọ̀! Ọjọ́ tí mo sín ní Mile 12, gbogbo jẹjẹrẹ Ògùdù ló kó lọ!"

Bó ṣe ń pariwo nìyẹn níwájú ìsọ̀ wa, lọ́jà èso Ìkòsì, lọ́dún 2006. Irọ́ tèmi náà lè kún tírélà, àmọ́ tiẹ̀ á fọ́ afárá Third Mainland.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Mummy Adébísí, ló ń ta ìbẹ́pẹ níbẹ̀. Kókó kan wà lọ́mú wọn. Dókítà ti ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Monday, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà wọ́n. Wọ́n ti di ìgò oògùn Adéníran mú gírígírí.

"Tí èyí bá pa kókó náà, mi ò lọ mọ́."

Joanna, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì, fò dìde. "Mummy, ẹ gbọ́ ná. Jíìnì ni àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ara wa ń tẹ̀lé. Àwọn kan dà bíi gáàdì ẹnu géètì Magodo, wọn kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa pọ̀ bó ṣe wù ú. Tí àmì kan bá lẹ̀ mọ́ gáàdì yẹn, á sùn lọ, sẹ́ẹ̀lì á wá máa pọ̀ títí á fi di jẹjẹrẹ. Gáàdì náà ò kú o! Oògùn tó ń jí i wà fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ti ọmú kọ́. Ti inú ìgò yìí kọ́ rárá."

"Aunty Gírámà!" Adéníran yínmú. "Imú mi ni ẹ̀rọ tèmi. Ẹ mú aṣọ aláìsàn wá, màá gbóòórùn jíìnì tó jí."

Imú kẹ̀? Ara fu mí. Mo yọ́ lọ sẹ́yìn ìsọ̀. Aṣọ la fi ń bo ìbẹ́pẹ kó lè tètè pọ́n, gèlè àlòkù kan sì ti wà lórí wọn láti àná. Mo ká a, mo fi itọ́ ra ojú bí omijé.

"Ọ̀gá, gèlè ìyàwó mi rèé. Ẹ gbà mí o!"

Òórùn ìbẹ́pẹ ń bú ramúramù lára gèlè. Adéníran ki imú bọ̀ ọ́, ó gbọ̀n jìgìjìgì.

"Yéè! Jẹjẹrẹ ilé ọmọ! Jíìnì ẹ̀ ti jí pátá! Obìnrin yìí ò ní rí oṣù tó ń bọ̀, àfi tó bá mu oògùn mi!"

Mo gbé ìbẹ́pẹ tó tóbi jù wá, mo wé gèlè fún un. "Ìyàwó mi nìyí, ọ̀gá. Ẹ kí i."

Ọjà bú sẹ́rìn-ín. Mummy Adébísí nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n da oògùn náà sí gọ́tà.

"Tí mo bá jókòó ti omi ẹ títí kókó yìí fi pa mí ńkọ́, Adéníran? Ìwọ lo máa sin mí?" Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Joanna, aago mélòó ni wọ́n ní ká dé ọ̀dọ̀ dókítà?"

Adéníran ò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó fi bàtà kan sílẹ̀, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ó ti kọjá Mende kí eruku ẹsẹ̀ ẹ̀ tó dìde ní Ìkòsì.