Ẹni Tó Ń Pè É ní Sájẹ́ǹtì

Faridah kò gba owó náà. Ó tì í padà sábẹ́ gíláàsì, ó sì ní kí bàbá òun wọlé wá jókòó lẹ́yìn káńtà. Ojú ti Bùràímọ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ nílé ìfowóránṣẹ́ náà, ní Akébé ní Libreville, ń wò ó bí ẹni tó wá tọrọ.

"Papa, ta lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ọkùnrin kan ti ń pè é láti Nàìjíríà, tó ní ọ́fíìsì àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì lòun wà. Ìjọba ti fọwọ́ sí owó àwọn tó ja ogun Làìbéríà, ṣùgbọ́n kálukú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó orí kí wọ́n tó tú tirẹ̀ sílẹ̀. Bùràímọ̀ fẹ́ fi owó náà kan òrùlé ilé tó kọ́ tí kò parí ní Ìsẹ́yìn, kó lè padà lọ fẹ̀yìn ti ògiri ara rẹ̀. Owó tí ì bá fi ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù ló kó wá yìí.

Libreville ni wọ́n bí Faridah sí, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó ní kí bàbá òun pe ọkùnrin náà. Ohùn tó jáde tutù bí omi àmù.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Orúnkún yín ńkọ́?"

"Ọmọ wọn ni mí, ẹ̀gbọ́n," ni Faridah wí. "Bí owó Papa bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́."

Ọkùnrin náà ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Faridah ní kó sọ ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, kí òun rán ẹnìkan lọ bá a. Ìpè náà já. Nígbà tí wọ́n tún pè é, kò wọlé mọ́.

Bùràímọ̀ kó owó náà padà sápò.

"Mo ti ń fura," ó wí. "Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí màmá rẹ ti kú, ta ló ń béèrè orúnkún mi? Ta ló mọ̀ nílùú yìí pé mo jẹ́ Sájẹ́ǹtì rí?"

Faridah di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Nígbà tó yá ló bi í bóyá ọkùnrin náà ń pe ẹlòmíràn.

Bùràímọ̀ rántí pé ọkùnrin náà ti dárúkọ Adédàpọ̀ tó wà ní èbúté Owendo. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Adédàpọ̀. Wọ́n jọ jagun ni, wọ́n jọ wá sí Gàbọ́ọ̀nù, wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, àfi ìgbà tí ìjà dé tí kálukú bá tirẹ̀ lọ. Bùràímọ̀ kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó wọ tákísí lọ sí Owendo.

Ó bá Adédàpọ̀ lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, tó kọjú sí èbúté níbi tí wọ́n ń to gẹdú jọ. Irun rẹ̀ ti funfun tán.

"Dàpọ̀, má san owó orí yẹn. Olè ni wọ́n."

Adédàpọ̀ wolẹ̀. "Mo ti san án. N ò tíì lè sọ ọ́ fún ará ilé."

Bùràímọ̀ jókòó tì í. Ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́ àwọn á jọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, àwọn á sì wá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn yòókù tí wọ́n jọ jagun kiri ìlú kí olè náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Adédàpọ̀ mi orí pé òun gbà.

Ọkọ̀ ojú omi kan ń rọra ṣí kúrò ní èbúté. Àwọn méjèèjì ń wò ó lọ.

"Òjò àkọ́rọ̀ á ti rọ̀ nílé báyìí," ni Adédàpọ̀ wí.

"Á ti rọ̀," ni Bùràímọ̀ dáhùn. "Wọ́n á ti máa gbin àgbàdo."