Bàtà Nọ́ọ̀sì Lẹ́nu Ọ̀nà Ọ́fíìsì Ọmọ Mi

Lọ́yà lọmọ mi obìnrin, ẹjọ́ àwọn tí wọ́n tú àṣírí àìsàn wọn síta ló máa ń rò. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ la ti ń bọ́ bàtà nítorí kápẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sì ń jókòó ti ẹnu ọ̀nà náà.

Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì kan wà nínú lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń sọ bí dókítà ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń ta àṣírí àwọn aláìsàn. Tí ọ̀gá bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Àfi bí mo ṣe rí dókítà ọ̀hún, ẹni tí gbogbo àdúgbò wa mọ̀, tó ń bọ̀. Bàtà funfun nọ́ọ̀sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo bá ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́.

"Bàbá, lọ́yà ńkọ́?"

"Ó ní àlejò, sà. Ẹ padà wá lọ́la."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ṣé bàtà nọ́ọ̀sì kọ́ lẹ wọ̀ yẹn?"

"Àìsàn ẹsẹ̀ ló fà á, dókítà. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa ro àìsàn mi fún gbogbo ayé ni?"

Ó wo ilẹ̀kùn, ó tún wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, bàtà mi."

"Wá bá mi fà á, ọmọ mi. Kò bọ́ mọ́."