Wọ́n Ní Mo Ti Kú ní Yanai

Òkú. Èmi Chizuru, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí mo gun àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ òní láìdi nǹkan kan mú… wọ́n ní mo ti kú. Bàbá onífìlà funfun tó mú wa kiri àdúgbò àtijọ́ yìí lọ́sàn-án ló sọ ọ́, níwájú obìnrin mọ́kànlá, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ń ka nọ́ńbà ilé. Ó ní ìyá ọkùnrin tó ni ilé tí wọ́n ti ń ṣe omi sóyà tí a fi ń sebẹ̀ yìí kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ó ní ìyá bàbá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n dàgbà, pé ẹ̀yìn ìyá àgbà ló máa ń sùn sí bí ìyẹn bá ń ro sóyà nínú àgbá. Gbogbo wọn ń ṣe "ó mà ṣe o". Mitsue tó ṣètò ìrìn àjò wa tiẹ̀ ń nu ojú. Èmi dúró sáàárín wọn, mo mú ife kékeré tí wọ́n bu omi sóyà sí fún wa pé ká tọ́ wò, mo sì tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, pé ó dùn —

Rárá. Irọ́ ni. Kì í ṣe ìyẹn.

Mo ń rìn kíákíá jù. Kí n rọra… kí ni mo fẹ́ rọra fún? Kì í ṣáà rẹ òkú. Mo sọ fún Mitsue nídìí oúnjẹ alẹ́ pé mo fẹ́ lọ wo fìtílà, ó ní, "Ìyá Asami, ẹ ò mà fọwọ́ kan ẹja yín o." Ìyá Asami. Orúkọ ọmọbìnrin mi ni gbogbo wọn fi ń pè mí ní Kokura, níbi tí mo ń gbé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti jẹ́ ìyá ẹlòmíràn rí, ní ìlú yìí, ní ojú ọ̀nà yìí gan-an.

Fìtílà náà rèé. Ẹja pupa onípépà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, iná ń tàn nínú ikùn wọn, atẹ́gùn ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò. Kí ni wọ́n ń yà? Ògiri. Ògiri funfun tí mo máa ń fẹ̀yìn tì sunkún kí wọ́n tó jí nínú ilé. Wọ́n ti kùn ún lákọ̀tun. Òfin ti dé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pààrọ̀ igi wẹ́wẹ́ ojú fèrèsé. Wọ́n tọ́jú ìṣó, wọ́n tọ́jú àwo òrùlé, wọ́n tọ́jú gọ́tà. Ìyàwó ilé tó fọ gọ́tà yẹn fún ọdún márùn-ún, òun ni wọ́n sin láàyè.

Sadayo. Ìyá ọkọ mi. Obìnrin yẹn! Aago mẹ́rin ìdájí ni mo gbọ́dọ̀ ti dáná. Ó máa ń fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ mi wò, lẹ́ẹ̀kan péré, á wá dà á síbi tí a ti ń fọ abọ́. "Ṣé omi òjò lo sè fún wa ni?" Níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Níwájú Yutaka, ọkọ mi, tí ojú rẹ̀ ò kúrò nínú abọ́ ìrẹsì, bíi pé inú abọ́ ni wọ́n ti bí i. Mi ò gbọ́ kí Yutaka sọ pé "Màmá, ó tó" rí. Ọdún márùn-ún… kò sọ ọ́ rí. Àwọn méjèèjì ti kú báyìí. Bàbá onífìlà náà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ìyá àgbà pé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún kó tó lọ. Ó kú lórí ibùsùn rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì tẹ̀lé òkú rẹ̀. Èmi tí mo wà láàyè, ta ló tẹ̀lé tèmi?

Ó sì tún ní lọ́dọọdún, nígbà ọdún àwọn òkú, ìyá àgbà máa ń mú ọmọ náà lọ sí itẹ́ òkú ilé wọn, wọ́n á da omi sórí òkúta ibojì, ọmọ á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, á gbàdúrà fún ìyá rẹ̀. Òkúta wo? Ta ni wọ́n ń da omi sí lórí? Ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún márùn-ún, tó ń forí balẹ̀ fún òkúta tí kò bí i! Nígbà tí èmi ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀ ojú irin Kokura, tí mo wà láàyè, tí mo —

Màá sọ fún un lálẹ́ yìí. Ìdí tí mo fi jáde nìyí, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, kì í ṣe torí ẹja pépà. Mo mọ̀ nígbà tí Mitsue pín ìwé ìrìn àjò fún wa pé Yanai wà nínú rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Màá dúró níwájú rẹ̀, màá ní, "Kohei, wò mí dáadáa. Èmi ni ìyá rẹ. Wọ́n purọ́ fún ọ. Mi ò kú, wọ́n lé mi ni." Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n lé mi. Mo ti tún un sọ tó láàárín ọdún mọ́kànlélógójì, ó ti ń yọ̀ lẹ́nu mi. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo sọ ọ́ fún ọkọ tí mo fẹ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n lé mi, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ilé náà nìyí. Fìtílà mẹ́ta. Ọkùnrin kan ń ká aṣọ iwájú ilé ìtajà.

Ejìká Yutaka. Ọlọ́run mi, ejìká Yutaka gan-an, òsì rẹ̀ ga ju ọ̀tún lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ló wà lójú rẹ̀. Irun ti ń funfun létí. Ọmọ mi ń hewú… Obìnrin kan sì ké láti inú ilé báyìí pé, "Kohei, ọbẹ̀ ń tutù o," ó dáhùn pé òun ń bọ̀, ohùn rẹ̀ wúwo, ohùn àgbàlagbà. Ohùn tí mo mọ̀ kì í ṣe èyí.

Sọ ọ́. Sọ ọ́, Chizuru.

Ó ti rí mi. Ó tẹríba. Ó ní, "Ẹ kú alẹ́ o, mà. Ṣé ẹ ṣìnà ni?" Mo ní, "Rárá." Ó ní àwọn ti ti ilé ìtajà, kí n padà wá láàárọ̀, aago mẹ́sàn-án làwọn ń ṣí, kí n sì rọra tẹ ilẹ̀ o, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Ó tún tẹríba. Ó ti wọlé.

Rárá. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni gbogbo ohun tí mo sọ fún ọmọ mi láti ọdún mọ́kànlélógójì. Kí ló dé tí ìyókù kọ̀ láti jáde? "Wọ́n lé mi" ti wà ní orí ahọ́n mi, mo ti la ẹnu… ó sì wo ojú mi, ojú tó dà bí tèmi yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì fọ́. Torí pé ohùn mìíràn ló dé sí mi létí. Ohùn Sadayo. Ní oṣù kọkànlá, ní ìdájí, lẹ́nu ọ̀nà yìí. Mo ti gbé báàgì mi. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ara ọmọ ń gbóná. Ó ní, "Ìyá Kohei, bó o bá máa lọ, ṣáà dúró kí ara ọmọ yá ná."

Bẹ́ẹ̀ ló wí. Kò pariwo. Kò lé ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀ mí — obìnrin yẹn, tí kì í bẹ èèyàn.

Inú ṣì ń bí mi o. Ó da ọbẹ̀ mi nù, kì í ṣe irọ́. Ó fi ojú mi gbolẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ á jí. Ọmọ á bèèrè pé, ìyá mi dà? Kí ni Sadayo fẹ́ sọ fún un? Pé ìyá rẹ wọ ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà, pé ó mọ̀ pé ibà ń ṣe ọ́? Ó wò ó, ó sì pa mí. Nítorí òkú kì í já ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí òkú. Obìnrin tó kórìíra mi yẹn ló wá ọ̀nà tí ọmọ mi ò fi ní kórìíra mi, ó tún fi omi tútù bọ mí lọ́dọọdún. Èmi ńkọ́? Mo sọ fún Asami pé òun nìkan ni mo bí. Sadayo pa mí, ṣùgbọ́n ó gbà pé mo wà rí. Lẹ́nu tèmi, mi ò tiẹ̀ bí Kohei rárá.

Wọ́n ń jẹun nínú ilé. Mo ń gbọ́ ṣíbí, ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín. Mitsue á ti máa wá mi. Kí n máa lọ…

Kò sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ mi ní ìdájí ọjọ́ yẹn. Ìyá àgbà dúró síbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, òtútù ń wọlé. Ọmọ ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, ó ń sùn. Èmi ni mo nawọ́ padà, mo sì rọra fa ilẹ̀kùn dé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà jí.