Ṣẹ́ẹ̀tì Ẹlẹ́yẹ Mi

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bà á jẹ́: ní gbogbo àdúgbò wa, láti orí afárá títí dé ẹ̀yìn ilé epo, kò sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kankan tó mọ aṣọ wọ̀ tó mi. Tí mo bá ń kọjá, ajá á dákẹ́ gbígbó. Àwọn awakọ̀ á tẹ bíréèkì. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ níwájú ilé ẹ̀ wò mí lọ́jọ́ kan títí tó fi fẹ́ẹ̀ gbé ọmọ ẹ̀ kọ́ okùn. Mi ò parọ́. Ojú mi báyìí ló ṣe.

Owó kọ́ ni mo fi ń ṣe é o. Owó wo? Bàbá mi ń tún fíríìjì ṣe, màmá mi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. A ń jẹ, a ń mu, ó tán. Ọpọlọ ni mo fi ń ṣe tèmi. Ṣòkòtò funfun mi, ti bàbá mi ni, látìgbà tí ìdí wọn ṣì kéré. Bẹ́líìtì mi, okùn báàgì màmá mi tó já ni. Bàtà mi, tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí tí bàtà fúnra ẹ̀ fi gbàgbé pé ẹnì kan ti wọ òun rí. Àwọn tó lówó ń ra aṣọ. Èmi, ńṣe ni mò ń ṣàwárí ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi dù ú. Sìlíkì là ń pè é. Tuntun ni gbogbo nǹkan ẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù ńlá ni wọ́n ti ń rà á, tó bá ń rìn, aṣọ ẹ̀ á máa dún bíi ọ̀rá bisikíìtì. Kíláàsì kan náà la wà, àmọ́ ó fi oṣù díẹ̀ jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ohun tí àwa méjèèjì ń lé kò ju ẹyọ kan lọ. Bọ̀dá Onífọ́tò, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní oríta, máa ń ya àwa ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ọlidé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n á tẹ kámẹ́rà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó o bá di ojú, ó di tìẹ. Nígbà tí wọ́n bá yà wá tán, wọ́n á mú fọ́tò kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi bí ilẹ̀kùn, wọ́n á fi sínú gíláàsì níta títí di ọlidé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá wà nínú gíláàsì yẹn, òun ló ni àdúgbò.

"Ọdún yìí, èmi ni," ni mo sọ fún Sìlíkì lójú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wa.

"Ìwọ kẹ̀? Pẹ̀lú ṣòkòtò dádì ẹ yẹn?"

"Ṣòkòtò dádì mi ti ráyé. Tìẹ ṣì ń gbóòórùn ṣọ́ọ̀bù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú Sìlíkì le. "Ó dáa. Tí fọ́tò ẹ bá wọ inú gíláàsì yẹn, màá máa pè ẹ́ ní bọ̀dá títí a ó fi jáde níléèwé. Tí ò bá wọ̀ ọ́, ìwọ lo máa pè mí bẹ́ẹ̀. Lójú gbogbo èèyàn. Pẹ̀lú 'ẹ káàárọ̀, sà'."

Ìbá dáa kí n jẹ òkúta. Àmọ́ ẹnu mi kì í dúró dè mí. "Mo gbà!" ni mo gbọ́ tó sọ.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aláṣọ, tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọ̀pá-ọ̀pá. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ń ju àjákù sí, ni mo ti rí i. Ẹyẹ! Ẹyẹ ńláńlá aláwọ̀ ọsàn, ẹnu wọn gùn bíi sísọ́ọ̀sì, wọ́n bà sáàárín ewé tútù tó fẹ̀ bí agboòrùn. Ọkàn mi dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún dúró.

"Ìyá, èyí ńkọ́?"

"Ìyókù ẹ̀ nìyẹn o. Ẹnì kan ló kó gbogbo yòókù lọ lánàá. Bó o bá fẹ́ ẹ, mú ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ wá, jẹ́ n ráyè."

"Irú èèyàn wo ló rà á?"

"Èèyàn jẹ́jẹ́ kan báyìí. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ àwọn làwọn fẹ́ lò ó sí."

Kíá ni mo ti rí i lọ́kàn mi: ọ̀gá báǹkì kan, ó wọ ẹyẹ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń dìde fún un. Nínú gbogbo ayé, àwa méjì péré la máa wọ irú aṣọ yìí. Mo sanwó, mo sáré délé.

Àbúrò mi obìnrin ló ń bá mi ránṣọ, lórí ẹ̀rọ màmá wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, Ìyá Àgbà là ń pè é nítorí ẹnu ẹ̀. Ó máa ń fi ọ̀wọ̀ bú èèyàn, kò sì sóhun tó ń dunni tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń ronú, òun ló ń rán an. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tèmi ló le jù.

Ó fọwọ́ kan aṣọ náà. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Kọ́tìnì lẹ rà."

"Kọ́tìnì bíi ti báwo? Ojú ẹ ń ṣe ẹ́ ni?"

"Ẹ gbé e dúró kí ẹ wò ó."

Mo gbé e dúró lórí tábìlì. Ó dúró. Mo yọwọ́. Kò ṣubú.

"Ohun tó bá lágbára ló máa ń dá dúró," ni mo sọ. "Rán an."

Ó mí kanlẹ̀, àmọ́ ó rán an. Ẹ wò ó, kò kàn mú sísọ́ọ̀sì kó máa gé kiri. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń tò ó, ó ń sún un, kó lè jẹ́ pé níbi tí bọ́tìnnì ti pàdé, ààbọ̀ ẹyẹ tó wà lápá ọ̀tún á bá ààbọ̀ tó wà lápá òsì mu rẹ́gí. Ó ní aṣọ tí orí ẹyẹ wà níhìn-ín tí ìdí ẹ̀ wà lọ́hùn-ún, aṣọ ọ̀lẹ ni. Nígbà tó ṣe tán, mo wọ̀ ọ́, mo wo dígí. Dígí náà ni mo káàánú. Kò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Ọjọ́ fọ́tò pé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ kí èrò lè pé wò mí. Èmi àti Ìyá Àgbà la jọ lọ, òun ló gbé kóòmù dání. Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni Sìlíkì ń jáde bọ̀, wọ́n ti ya tiẹ̀. Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù. Ó tún wo ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣòkòtò tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ìlara, ni mo sọ nínú mi. Orí ẹ̀ ti yí. Mo rọra fẹsẹ̀ kọjá lára ẹ̀, mo wọlé bí ọba.

Ẹyẹ.

Ẹyẹ láti òkè ilé dé ilẹ̀. Ẹyẹ láti ògiri dé ògiri. Ẹyẹ aláwọ̀ ọsàn, ẹnu bíi sísọ́ọ̀sì, ewé bí agboòrùn, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ bo ibi tí èèyàn ń dúró sí ya fọ́tò.

"Wọlé, ọmọ," ni Bọ̀dá Onífọ́tò sọ, wọn ò tíì gbójú sókè. "Dúró síwájú kọ́tìnì tuntun mi." Wọ́n gbójú sókè. Ojú wọn òsì, tó máa ń di fúnra ẹ̀ nítorí iṣẹ́, là gbàgà. "Háà! Ta ló gé kọ́tìnì mi?"

"Mi ò gé e o, sà! Mo rà á ni!"

Bí ọ̀gá báǹkì mi ṣe kú nìyẹn. Gbogbo àwọn tó ń dúró de fọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan rọ̀ mọ́ fèrèsé kó má baà ṣubú. Mo ní ẹ̀rín náà ló jẹ́ kí iná ṣẹ́jú, màmá mi ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ màmá mi ò sí níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá, ẹ bá mi ká kọ́tìnì náà."

"Kí n ká kí ni? Odidi àárọ̀ ni mo fi kan ìṣó mọ́ ọn. Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, kí n fi síńgílẹ́ẹ̀tì yà ẹ́."

Síńgílẹ́ẹ̀tì mi! Ihò tó wà lára ẹ̀ pọ̀ ju aṣọ lọ. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Sìlíkì ti dìde, ó fara ti òpó, ó ń nu ojú.

"Àbúrò mi," ló pè mí, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin. "Wá kí bọ̀dá ẹ."

Mo ti ń gbé ẹsẹ̀ kan láti sá. Mo ti ń rí i bí mo ṣe máa máa kí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, níwájú kíláàsì, níwájú àwọn obìnrin, títí a ó fi jáde.

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó di ojú kan, ó wo kọ́tìnì, ó wo èmi, ó tún wo kọ́tìnì.

"Bọ̀dá Onífọ́tò, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ o. Bọ̀dá mi, ẹ sún sẹ́yìn. Ẹ tún sún. Ẹ fara kan kọ́tìnì."

"Fún kí ni?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ sún sọ́tùn-ún. Ó pọ̀ jù. Ẹ padà díẹ̀. Ẹyẹ èjìká yín ò tíì rí ìdí ẹ̀." Ó tẹ mí léjìká, ó fa apá ṣẹ́ẹ̀tì mi sísàlẹ̀, ó sáré padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. "Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀. Díẹ̀ ni mo ní, ṣé ẹ fẹ́ jókòó ni? Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ má mí."

Ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró. Bọ̀dá Onífọ́tò gbé ojú sí kámẹ́rà, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún gbé e sí i.

"Níbo ló wà?" ni wọ́n bi Ìyá Àgbà.

"Níbẹ̀ náà ni, sà."

"Mo rí orí. Ìyókù ọmọ náà dà?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà, kó tó mí."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n wá rẹ́rìn-ín títí tí orí pípá wọn fi ń làágùn.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Mọ́ńdè, fọ́tò ti wọ inú gíláàsì. Ẹ̀yin ì bá wà níbẹ̀! Orí mi, tó rẹwà bó ṣe máa ń rẹwà, ó gúnwà sójú òfuurufú láàárín àwọn ẹyẹ. Ọwọ́ méjì tó léfòó, kò sóhun tó so wọ́n mọ́ nǹkan kan. Nísàlẹ̀, ṣòkòtò funfun bàbá mi dá dúró, kò sẹ́ni tó wà lókè ẹ̀. Èèyàn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ló dúró níwájú ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dáa, wọ́n tó ogún. Ọlọ́kadà kan dúró jiyàn pẹ̀lú èrò ẹ̀yìn ẹ̀ títí èrò náà fi fẹsẹ̀ rìn lọ. Màmá mi dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n wò ó, wọ́n káwọ́ lérí.

"Yéè! Ara ọmọ mi dà? Mo fún un lóúnjẹ láàárọ̀!"

Sìlíkì náà dé. Kò fẹ́ gbà. "Orí lásán nìyẹn," ló ń sọ. "Fọ́tò ẹ ni mo sọ, mi ò sọ orí ẹ."

Bọ̀dá Onífọ́tò yọjú. "Orí ta ni?"

"Tiẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Tiẹ̀ ni."

"Kí lo tún ń wá? Ṣé kí n ya ìfun ẹ̀ ni?"

Gbogbo èèyàn hó yèè. Sìlíkì ní òun á rò ó, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Mo rò pé bó ṣe máa yọ́ bọ́rọ́ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá mi, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yẹ, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà. Sìlíkì ni. Ó gbé ọ̀rá kan dání, aṣọ aláwọ̀ ọ̀run ló wà nínú ẹ̀, ìkùukùu wà lára ẹ̀ káàkiri.

"Ìyá Àgbà, jọ̀ọ́ bá mi rán an," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo fẹ́ kó bá ògiri wa lókè mu, ìkùukùu ni wọ́n yà sí i. Irú ti... irú tiẹ̀ yẹn."

Ìyá Àgbà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Irú ti ta ni?"

"Ti ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Bọ̀dá mi wà nínú yàrá. Ẹ pè wọ́n dáadáa. Tí wọ́n bá dáhùn, màá wọn aṣọ yín."

Mo gbọ́ tí ọ̀rá ọwọ́ ẹ̀ ń dún.

"Bọ̀dá."

Mo di ojú. Mi ò dáhùn.

"Bọ̀dá! Ẹ káalẹ́, sà."

Mo yí padà sí ògiri, mo fa ìrọ̀rí bo etí mi kan. Kan péré o.

"Bọ̀dá! Bọ̀dáááá!"

"Ìwọ ọmọ yìí!" Màmá mi ló ń pariwo láti ilé ìdáná. "Ṣé o ò gbọ́ ni? Wọ́n ń pè ẹ́ níta!"

Mo dìde jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo to kọ́là mi. Mo yán díẹ̀.

"Ta nìyẹn o?"