Ọjọ́ Tí Okko Gba Òmìnira Fún Fóònù Rẹ̀

Okko Meinders, afurasí ọmọ Foelke! Okko tí kì í ya fọ́tò ògiri láì kọ́kọ́ bi ògiri bóyá ó gbà. A-fi-bébà-bojú-kámẹ́rà, ọkùnrin tó ní àwọn olè kan wà lókè òkun tí wọn ò sùn nítorí orúkọ ajá òun. Bí mo bá ní kí n máa kì í, tíì á tutù. Ní ìlú Leer wa níbí, ẹni tó bá jẹ́ kí tíì tutù kò yàtọ̀ sí ẹni tó bú ìyá oníyàá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ọmọ-ọmọ Theda, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Okko ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bírò. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, kó kọ́kọ́ buwọ́ lùwé. Pásítọ̀ buwọ́ lùwé. Òrìṣà ló yọ ọmọ náà, ì bá buwọ́ lùwé nínú ìlédìí.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìyá wọn, Màmá Foelke, kì í kọ̀wé sórí fóònù. Ohùn ló máa ń sọ sínú rẹ̀, ní èdè àwọn àgbà wa, tí á fi ránṣẹ́ sí Okko: òjò ń rọ̀, ẹja ti wọ́n, Okko, wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó nípọn. Nígbà tí ìyá náà re ibi àgbà ń rè, ohùn wọ̀nyẹn ló kù. Okko fi wọ́n ránṣẹ́ sí Theda kó lè gbọ́. Ọjọ́ kejì ó dé, ó dúró lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí.

"Ẹ pa wọ́n rẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ni ohùn ti kú, kò lè fún yín láṣẹ láti tọ́jú ẹ̀."

"Ìyá tèmi náà kọ́ ni?"

"Òfin ò mọ ìyá."

Theda ń sunkún, ó ń pa á rẹ́. Láti ọjọ́ náà, fóònù Okko nìkan ni Màmá Foelke ń gbé.

Ó yẹ kí fóònù náà sinmi. Ṣùgbọ́n Okko bẹ̀rẹ̀ ìjà tuntun. Ó ní àlejò lásán ni òun nínú fóònù tí òun fowó òun rà, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló mú kọ́kọ́rọ́ yàrá inú dání. Òun á já kọ́kọ́rọ́ náà gbà. Àwọn onífóònù ń pe iṣẹ́ yìí ní rúùtù. Kò ṣe irú ẹ̀ rí láyé, ṣùgbọ́n ó ní ojú ẹgbẹ́ wa lòun á ti ṣe é, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe, tó ń pàdé ní Sátidé nílé-ìwé àtijọ́ ẹ̀bá odò. Ohunkóhun ò ní sọnù, ó ní, bó ti wù kó kéré mọ. Èmi gan-an ni mo kọ ìkéde náà mọ́ ara ìlẹ̀kùn. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.

Sátidé pé. Theda náà wá, ó jókòó sẹ́yìn, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́yà. Mo da tíì sórí ṣúgà, mo fi mílíìkì lé e, gbogbo wa sì fi í sílẹ̀ kó rọra wálẹ̀ fúnra rẹ̀ bó ṣe yẹ ọmọlúàbí. Okko nìkan ló ki ṣíbí bọ ife, tó ń rò ó gburugburu. Láti kékeré ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá Okko," mo ní, "ṣé ẹ ti ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú ẹ̀?"

"Ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀? Mo ti ṣe é, gbogbo ẹ̀ pátá."

"Ibo lẹ gbé e sí? Inú kọ̀ǹpútà?"

"Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń wọ̀ bí ọjà? Ó wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè dé àfi èmi."

Theda sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn. "Okko, fóònù tí ò ṣàìsàn, kí lo ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un sí? Màmá wà níbẹ̀ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mu tíì yín."

Fóònù náà fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó kọ ọ́ sójú gàdàgbà pé: bí o bá ṣí ìlẹ̀kùn yìí, gbogbo ohun tó wà nínú ilé á pa rẹ́. Okko rẹ́rìn-ín. "Ojo ni wọ́n ń fi ìyẹn dẹ́rù bà. Mo ní ẹ̀dà." Ó tẹ̀ ẹ́.

Fóònù kú, ó jí. Ó kí Okko bí àlejò: Ẹ káàbọ̀, èdè wo lẹ ń sọ? Okko bá a jà títí, ó já kọ́kọ́rọ́ gbà nígbẹ̀yìn. A pàtẹ́wọ́. Ọba nínú fóònù! Olúwa ilé! Kábíyèsí àgbàlá òfìfo!

"Ó yá," mo ní, "ẹ gbé ẹ̀dà yẹn jáde."

Ó fìka wá a níhìn-ín, ó wá a lọ́hùn-ún.

"Ibo lẹ gbé e sí gan-an?"

"Inú fóònù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Ọkùnrin náà kó irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ pamọ́ sínú àká tó fẹ́ dáná sun, ó sì ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí olè má wọlé. Lẹ́yìn náà ẹnì kan fẹnu ṣe fọ̀ọ̀, a wá rẹ́rìn-ín débi tí ife ń mì. Theda nìkan ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Okko ní, "ṣé ẹ ò…"

"Mo pa á rẹ́. Ìwọ lo dúró lé mi lórí."

Okko jókòó wọ̀ọ̀. Kó lè ní nǹkan tó ń fọwọ́ ṣe, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá fóònù náà ṣì lè pe èèyàn. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú ẹ̀ mọ́. Èyí tó mọ̀ sórí kò ju nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lọ, tí Theda ń lò báyìí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Báàgì Theda fọhùn.

"Okko o! Tíì ti délẹ̀, máa bọ̀. Má rò ó o! Ṣé o gbọ́? Má rò ó!"

Màmá Foelke ni, tòun ti ikọ́ rẹ̀. Fóònù inú báàgì náà tún un sọ, ó tún un sọ, Theda ò gbé e.

"Ọjọ́ tó o fi wọ́n ránṣẹ́ ni mo fi ìyẹn ṣe agogo tó ń dún tó o bá pè mí," ó ní, "kó o tó wá dúró lé mi lórí. Ìwọ nìkan ló ń dún fún. O kì í gbọ́ nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ lo máa ń wà tó o bá ń pè. Kérésì sí Kérésì nìkan lo sì máa ń pè."

Okko ti dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

"Ẹni tó ni ohùn ti kú, ọmọ ìyá mi. Ta ló fún mi láṣẹ?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbà á sílẹ̀ nígbà náà."

"Láì buwọ́ lùwé?" Theda fi ṣíbí sínú ife rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ó tó. "Bó o bá fẹ́ gbọ́ ọ, wá sílé mi kó o pè mí."

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi báyìí, ẹ óò rí Olúwa Fóònù nídìí tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń pe obìnrin tó jókòó kọjú sí i. Theda kì í tètè gbé e. Tíì Okko á wà níwájú rẹ̀, ṣúgà nísàlẹ̀, mílíìkì lókè. Kì í fọwọ́ kan ṣíbí.