Ọgbà Orí Bákónì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dá ọgbà sí òfuurufú, ìyá wa sì ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo bá wọn jà lé lórí nìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹnu mi ti mú jù, kó fi òwú dí etí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Èmi àti Màmá wà nísàlẹ̀, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Bákónì rẹ̀ ò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, síbẹ̀ ó kó garawa ọ̀dà, táyà àti báàfù àlòkù sí i, ó rọ yẹ̀pẹ̀ kún wọn. Tẹ̀tẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tòmátì pọ́n yòò. Èèpo èso kì í kúrò nílé wa, ajílẹ̀ ló ń dà. Àdúgbò ń pè é ní Ọlọ́gbà Òkè, orí rẹ̀ sì ń wú. Ó wú débi pé ó fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò ìdí garawa, kí ẹ̀kán omi kan má baà ṣòfò.

Òjò wá rọ̀, kò dá bọ̀rọ̀. Yẹ̀pẹ̀ mumi yó. Nígbà tí oòrùn padà yọ, ilẹ̀kùn wa tó wà lábẹ́ bákónì ti há. Yanrìn ń já bọ́ sórí Màmá. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Tiwa lanu, aláǹgbá tó ń gbé ibẹ̀ sá jáde.

Mo gòkè lọ bá a.

"Àǹtí mi, ẹ lu ihò sídìí àwọn garawa yìí, ẹ kó díẹ̀ kúrò. Bákónì ti ń tẹ̀ wálẹ̀."

"Ìlara ni! Ìwọ tí o ò lè gbin àlùbọ́sà sínú ife? Lọ máa fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ ẹ."

"Ìyá tó bí wa ló ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ o."

"Ṣé ó sọ fún ẹ pé ẹ̀rù ń ba òun?"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Màmá wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń ṣa tẹ̀tẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde níbẹ̀."

"Inú ilé gbóná. Ìbòòji ọmọ mi ni mo wà."

"Ìbòòji yẹn ti wúwo jù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ẹ á gbé ẹ dé kóòtù lọ́jọ́ kan."

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró kan lókè orí wa. Kò pariwo, ó dún bí aṣọ tó ń ya díẹ̀díẹ̀ lójú rírán. Mi ò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo gbé Màmá pọ̀n, mo sáré sọdá títì, ó ń lù mí léjìká: "Ṣé orí ẹ pé?"

Ẹ̀gbọ́n mi yọjú sí ẹnu ọ̀nà bákónì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo wèrè! Ó jí ìyá gbé!"

"Ẹ má tẹ bákónì yẹn! Àǹtí mi, ẹ padà sẹ́yìn!"

Màmá gbójú sókè. Ó rí bí etí bákónì ṣe dagun. Ó bọ́ lẹ́yìn mi, ó kúnlẹ̀ sétí títì fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀. "Mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Wọlé."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Lójú wa, báàfù tòmátì sún díẹ̀ sí etí, ó dúró, ó tún sún. Ẹ̀gbọ́n mi wo Màmá. Ó wo àwọn tòmátì náà.

Ó na ọwọ́ sí tòmátì, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé bákónì.