Kọfí Bàbá Lábẹ́ Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Nígbà tí Veronica ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí kọfí bàbá ọkọ rẹ̀, òórùn ọtí ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ọtí, nínú ilé tí wọn kì í mu ún! Èso tó pọ́n fòò nígbà tí Bàbá kó o dé láti orí òkè nílẹ̀ Kàbà ti dúdú, ó ń yọ̀, eṣinṣin sì bò ó.

Amudat, aládùúgbò wọn ní Gonin Gora ní Kàdúná, tó fún un ní ewé, na ọrùn lórí ògiri. "Ìyá Faith! Haba! Ẹ ti ń po bùrùkùtù ní Gonin Gora? Ṣé pásítọ̀ yín gbọ́?"

"Ìyá Mubashir, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń ṣe kòkó nílé wa l'Óǹdó ni mo ṣe é. A ó kó o jọ, a ó fi ewé bò ó kó gbóná, kó tó kan oòrùn."

"Kọfí ló wá di kòkó?"

Kí Bàbá tó lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Kakuri ló ti wí pé, "Ìyàwó, sá a sóòrùn bó ṣe wà, tòun tèèpo." Veronica rò pé àgbà gbàgbé apá kan iṣẹ́ náà ni.

Àdéhùn tí Bàbá bá Ọlọ́runtọ́ba ọmọ rẹ̀, ọkọ Veronica, ṣe ló wá ń dà á láàmú. Bí kọfí yìí bá dára, òun á padà sórí òkè níbi tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé. Bí kò bá dára, òun á jókòó tì wọ́n ní Kàdúná, kí wọ́n gé igi kọfí náà. Àràárọ̀ ni Veronica ń gbàdúrà kí Bàbá má lọ. Ṣé òun ló wá ba iṣẹ́ àgbà jẹ́ ni, àbí Ọlọ́run ló dáhùn?

Bàbá dé. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló sin òkú síbí?"

Veronica kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Dìde. Tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọyẹ́ mú un gbẹ. Nígbà tí kóró ń mì wokowoko nínú èèpo, Bàbá gún un lódó, ó fẹ́ èèpo dànù, ó yan án, ó lọ̀ ọ́, ó sè é. Ó mu díẹ̀, ó gbé ife fún Ọlọ́runtọ́ba.

"Ó ń ta sánsán bí àgbálùmọ̀," ni ìyẹn wí.

"Ó ti bàjẹ́," ni Bàbá wí, ó sì bu òmíràn.

"Bàbá, ṣé ó dára ni, àbí kò dára?" ni Ọlọ́runtọ́ba bi í.

"Mi ò mọ̀! Látìgbà tí mo ti ń ṣe kọfí, n ò tọ́ irú rẹ̀ wò rí. Èso ṣì kù lórí igi. N ó lọ ká a, kí n tún bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n lè mọ̀."

Ó wọlé lọ di ẹrù.

Veronica kúnlẹ̀ ní yàrá. "Ọba tó gbé òkè kalẹ̀ kó tó dá ẹsẹ̀ tí yóò gùn ún, Olùṣọ́ tí ọ̀nà kì í sú..." Ó dúró níbẹ̀. Kí ló fẹ́ tọrọ gan-an, kí Bàbá má lọ, àbí kó lọ kó bọ̀ láyọ̀? Ó dìde, ó lọ dín ẹja tí Bàbá máa jẹ lójú ọ̀nà.